Ìbọn Tí Wọ́n Ní Ó Há

Òórùn ilé bàbá yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: èéfín igi tó ti wọnú ògiri, kọfí tó ń hó lórí sítóòfù láti àárọ̀, àti òróró olóòórùn líle tí wọ́n fi ń para lórúnkún. Ilé olókùúta ni, lẹ́yìn ìlú Vicenza, níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè lọ pàdé àwọn òkè ńlá. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń débẹ̀. Padua ni mo ń gbé nígbà náà, mo ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ irin, o sì mọ bí ayé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí níhìn-ín: bí o kò bá ṣiṣẹ́, o kò lè dúró. Mo gba iṣẹ́ badante, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi ni mò ń wẹ bàbá náà, tí mò ń se oúnjẹ wọn, tí mo sì ń ka ìwé ìròyìn sí wọn létí.

Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Parma, ló gbà mí síṣẹ́. Níjọ́ àkọ́kọ́ ló ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe bi bàbá léèrè ọ̀rọ̀ ogun. N kò bi wọ́n. Bàbá fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin tí a ti jọ wà, nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ingegnere, ìyẹn ẹnjinníà. Ní ọ̀sán kan, bí mo ṣe ń gé èékánná ọwọ́ wọn, wọ́n bi mí bóyá èèyàn lè wo irin tó ti pẹ́ kó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ fi kún un, torí ìmọ̀ ṣì ń gùn mí bí ẹṣin, pé èèyàn lè purọ́ ṣùgbọ́n irin kì í purọ́.

Bàbá ní kí n mú àkàsọ̀, kí n gun òkè àjà ilé màlúù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, kí n ṣí pákó mẹ́ta tó wà ní igun apá òsì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ gùn tó àpapọ̀ ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n fi aṣọ onírọ́bà dì í, wọ́n sì fi gírísì kùn ún nípọnnípọn. Kí n tó tú u ni mo ti mọ ohun tó jẹ́. Ìbọn ogun tí kò níwèé nínú ilé, èmi àlejò tí permesso, ìwé ìgbélùú mi, ń bọ̀ wá parí: bí àwọn carabinieri, ọlọ́pàá wọn, bá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú? Mo rò ó pé kí n dá a padà, kí n mú báàgì mi, kí n máa lọ síbi tí mo ti máa rí bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wolẹ̀, mo rí bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n ń wo òkè bí ọmọ tó ń dúró de ìyá rẹ̀. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀.

Orí tábìlì ilé ìdáná la gbé e sí, lórí ìwé ìròyìn. Irú ìbọn tó jẹ́ pé bí o bá ti fi ìka fà á, á máa rọ̀jò ọta títí o máa fi jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni bàbá sọ ìtàn rẹ̀ fún mi, wọ́n ń dánu dúró láti mí, wọ́n sì tún ń bẹ̀rẹ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ogun tó kọ́kọ́ gbé e. Ọkọ̀ òfuurufú ló jù ú sílẹ̀ lórí yìnyín ní ọ̀sẹ̀ kan tí òtútù ń pa ẹyẹ, nínú àpótí gígùn tí wọ́n so mọ́ aṣọ ńlá tó ṣí bí agboòrùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti sá lọ sórí òkè, tí wọ́n kọ̀ láti sin àwọn Jámánì, làwọn tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Àwọn obìnrin abúlé fi aṣọ náà rán bùláòsì. Ìwé kan wà nínú àpótí náà tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn ọ̀hún, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sẹ́nì kankan lórí òkè tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi dá iná. Mẹkáníìkì kan tó sá wá láti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Turin ló tú ìbọn náà palẹ̀, tó tún un tò, tó yìn ín wò lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń gbé e kiri bí ọmọ ìkókó. Nígbà tí òtútù jẹ ìka ẹsẹ̀ mẹkáníìkì yìí títí wọ́n fi dúdú, ìbọn bọ́ sọ́wọ́ bàbá, torí pé àwọn ni wọ́n lágbára jù láti gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹkáníìkì fi bí wọ́n ṣe ń ki ọta bọ̀ ọ́ hàn wọ́n. Ọta kò pọ̀, nítorí náà wọn kò yìn ín dánwò.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rẹ́ wọn márùn-ún fẹ́ gba inú àfonífojì kan kọjá ní òwúrọ̀, wọ́n ń gbé ẹnì kan nínú àwọn márùn-ún náà tó ti fara gbọgbẹ́. Iṣẹ́ bàbá ni láti dùbúlẹ̀ lórí àpáta lókè, kí wọ́n yin ìbọn bí àwọn ọmọ ogun Jámánì bá yọ, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lè ráyè kọjá. Àwọn Jámánì yọ lóòótọ́. Bàbá fi ìka fà á. Kò yìn. Wọ́n tún fà á. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lábẹ́ èékánná wọn. Nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó bọ́.

“Mo sọ fún wọn pé ó há,” ni bàbá wí. “Àwọn kan gbà mí gbọ́.”

Àwọn tó pọ̀ jù kò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ba ọmọdé, ọmọdé kò yìnbọn. Mẹkáníìkì tí ì bá jẹ́rìí wọn kú kí ogun tó parí. Bàbá padà sí abúlé, wọ́n kọ́ṣẹ́ àga ṣíṣe, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n sin ìyàwó, wọ́n sin ọmọkùnrin wọn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì kúrò lẹ́yìn wọn. Àbúrò obìnrin ọ̀kan nínú àwọn tó kú ń gbé ní òpópónà kejì, kò kí wọn rí láti ọjọ́ náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹrin, tí àwọn ará abúlé bá pé jọ sí ìdí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ márùn-ún sí, bàbá máa ń ti fèrèsé pa. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi gbé ìbọn náà pa mọ́ nìyẹn, láìka òfin sí: òun ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù. Wọ́n fẹ́ kí n ṣí i, kí n wá ohun tó há nínú rẹ̀, kí n kọ ọ́ sórí ìwé, kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ irin, kí ọmọ-ọmọ àwọn lè kà á fún àwọn ará abúlé kí bàbá tó kú.

Kí ni mo máa sọ? Mo gbà.

Ó gbà mí ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ gírísì náà kúrò, díẹ̀díẹ̀, bàbá á jókòó tì mí, wọ́n á máa mú aṣọ àkísà fún mi. Àwọn ọjọ́ yẹn dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bàbá jẹun dáadáa. Wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo yọ àwọn ọta kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé. Mo wo ọ̀fun ìbọn, mo wo irin tó ń gbá ọta nídìí, mo wo àwọn sípíríǹgì. Kò sí ọta tó wọ́, kò sí irin tó kán, kò sí ìpẹ́pẹ́ kankan níbi tó yẹ kó há. Ara irin náà mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é.

Ìgbà yẹn ni mo nu ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, tí mo rí irin kékeré kan bí ahọ́n tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tì síwá sẹ́yìn, àti lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀: S, F, A. Orí S ni irin náà wà. Mo bi bàbá, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn, bóyá ẹnikẹ́ni ti yí i láti ọjọ́ ogun yẹn. Wọ́n ní rárá. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn tàn.

“Èmi ni mo fi síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Orí F ni mẹkáníìkì fi í sí. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lórí àpáta, mo yẹ̀ ẹ́ wò. F, fermo, ìyẹn kó dúró. Mo tì í sí S, sparo, ìyẹn kó yìn. Mo ṣọ́ra, ingegnere. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé n kò ṣọ́ra.”

Àkísà wà lọ́wọ́ mi, n kò lè nu nǹkan kan mọ́. Èmi tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì nà lẹ́gba láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo mọ ohun tí S dúró fún. Safe ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tì í sí kí ìbọn má baà yìn. F àti A ni wọ́n fi ń yìn ín. Mẹkáníìkì ti gbé ìbọn náà lé wọn lọ́wọ́ ní ipò tó lè yìn. Mo sọ fún bàbá pé n kò tíì parí, pé ó ku díẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí mo kúrò níbẹ̀, n kò lọ sí Padua tààrà. Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, nítòsí Vicenza níbẹ̀, ará Ṣakí ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Italy jù mí lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé orí sókè, ó ní, “Povero nonno,” bàbá àgbà yẹn mà ṣe é láàánú, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ó há.

Mo ní irọ́ nìyẹn. Mo ní ohun tó ń pa bàbá láti ọjọ́ yìí ni pé wọ́n ń pè wọ́n ní ojo, òótọ́ yìí ló sì máa dá wọn láre, torí wọ́n fa ìbọn, wọ́n kò sá, lẹ́tà ni wọ́n kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ wọn tí kẹ́míkà awọ ti pa láró nu ojú.

“Àbúrò, leave that matter. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Bàbá yẹn ò ní kí o wá kọ́ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹ̀gbọ́n ò kàwé tó láti mọ iyì òtítọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nínú ọkọ̀ ojú irin nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sọ fún wọn. Oòrùn wà lórí tábìlì, bàbá ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ti mú bírò àti ìwé sílẹ̀ dè mí. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi tò dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dára: pé wọn kì í ṣe ojo, pé òótọ́ ni wọ́n fa ìbọn náà. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìka lé lẹ́tà náà.

“S kì í ṣe sparo, Bàbá. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ìbọn pa. F ni kó yìn.”

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ojú sún mọ́ irin náà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Ṣé orí F ló wà nígbà tó gbé e fún mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí ẹ ṣe sọ fún mi.”

“Tí n kò bá fọwọ́ kàn án ńkọ́?”

Mo tún ń sọ pé ẹ kì í ṣe ojo, Bàbá, ẹ kì í ṣe ojo, bí ẹni tó ń fi omi pa iná tó ti jó ilé tán. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.

“Ì bá sàn kí n jẹ́ ojo,” ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n gbé e padà sókè àjà.

Bàbá ò bínú sí mi. Ká ní wọ́n lé mi jáde, bóyá à bá rí nǹkan fi tún un ṣe. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, síbí oúnjẹ mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ, lẹ́yìn náà ó di méjì. Dókítà wá, kò rí nǹkan kan, ó ní ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n mo ń rí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì wọn lórí aṣọ ìbora, ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń ti nǹkan kékeré kan tí kò gbà. Kódà nígbà tí wọ́n bá sùn, kì í dúró. Mo máa ń di ọwọ́ náà mú, wọ́n á jẹ́ kí n dì í mú, bí mo bá sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo pe ọmọ-ọmọ wọn ní Parma. Nígbà tó dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìta, lẹ́bàá ilé màlúù, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó béèrè pé kí ló dé tí mo fi sọ fún wọn. Mo ní wọ́n ló bi mí.

“Wọn ò bi ọ́ ní nǹkan kan,” ó wí. “Wọ́n ní kí o kọ ọ́ pé ó há.”

Bàbá kú kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́. Ọmọ-ọmọ wọn fúnra rẹ̀ ló pe àwọn carabinieri, ó mú wọn gun òkè àjà, ó ní òun ló rí ìbọn náà níbi tí òun ti ń kó ẹrù òkú. Kò dárúkọ mi. Ó bínú sí mi, kò sì fi pa mọ́, síbẹ̀ ó dáàbò bo ìwé mi. Àwọn carabinieri méjì gbé ìbọn náà lọ nínú aṣọ ìbora kan, ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín pé irú èyí ti ṣọ̀wọ́n.

A ò ju mẹ́wàá lọ níbi ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n bo sàréè tán, ìyá arúgbó kan tó tẹ̀ ba lórí ọ̀pá wá bá mi lábẹ́ igi. N kò rí wọn rí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó la ẹnu. Àbúrò ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún ni, ìyá òpópónà kejì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìbọn ti jáde, pé èmi dúdú tó ń tọ́jú olóògbé mọ̀ nípa irin. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo rí i. Mo ní mo rí i.

“Ṣé ó há lóòótọ́?”

Ọmọ-ọmọ bàbá wà ní ìtòsí, ó gbọ́, ó wò mí. Mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, signora, ó há. Irọ́ tí mo kọ̀ láti pa fún alààyè, mo pa á lórí sàréè, ó sì yọ̀ lẹ́nu mi bí epo. Mo rò pé mo ti ṣe rere kan níkẹyìn. Mo rò pé ìyá náà máa mí kanlẹ̀, pé orúkọ bàbá ti mọ́ nìyẹn.

Ìyá náà dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀ tútù náà.

“A jẹ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́,” ni wọ́n wí, “ní gbogbo ọjọ́ ayé mi.” Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ, ọ̀pá wọn ń rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn mú. N kò lè sá tẹ̀ lé wọn. Kí ni mo máa sọ? Òótọ́ ti pa ẹnì kan, irọ́ sì ti ba ọjọ́ ìkẹyìn ẹlòmíràn jẹ́, ẹnu kan náà ni méjèèjì ti jáde.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Turin ni mo wà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gbé irin tó kán wá fún mi kí n sọ ohun tó fà á, bóyá irin ló ṣẹ̀ tàbí ẹni tó lò ó. Wọ́n fẹ́ràn ìjábọ̀ mi nítorí pé ó kúrú, ó sì dájú. Tí mo bá fọwọ́ sí i tán, mo máa ń jókòó díẹ̀ kí n tó lè dìde. Ẹ̀gbọ́n wa ní ọ̀rọ̀ náà ti tó kí n gbé e sílẹ̀, pé arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ikú ló ń dúró dè é tẹ́lẹ̀. Bóyá. Mo ti wá ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ títí, n kò rí èyí tí mo lè gbé fún ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí kò ju èyí lọ: nígbà tí mo sọ òótọ́, adùn ìmọ̀ mi ni mò ń tọ́ lá, nígbà tí mo purọ́, ọrùn ara mi ni mò ń yọ. Arúgbó méjì ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ayé wọn, ara mi nìkan ni mo sì dá lóhùn nígbà méjèèjì.